Ẹsẹ̀ Tó Ti Farapa Rí àti Máràtọ́ọ̀nù Àkọ́kọ́: Àgbéyẹ̀wò

Láti oṣù Kejì ọdún 2016 tí wọ́n ti kọ́kọ́ sá máràtọ́ọ̀nù ìlú Èkó, eré ọlọ́nà jíjìn kì í ṣe ohun tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n nìkan mọ́. Òṣìṣẹ́ báǹkì, olùkọ́, oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ ń jí ní ìdájí láti sáré kí mọ́tò tó kún títì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi í sọ́kàn pé lọ́jọ́ kan, àwọn náà yóò gbéra ní pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè, wọn yóò gba orí afárá Third Mainland tó gùn ju kìlómítà 11 lọ kọjá, wọn yóò sì parí kìlómítà 42.195 náà sí Eko Atlantic ní Victoria Island.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ a máa dá ọ̀pọ̀ wọn dúró lójú ọ̀nà. Orúnkún á wú, ojúgun á máa ta, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ á le gbagidi láàárọ̀. Ní ọdún 2007, van Gent àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Netherlands kó ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé iye àwọn asáré ọlọ́nà jíjìn tó ń fi ẹsẹ̀ pa bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 19 nínú 100 títí dé 79 nínú 100, bí ìwádìí kọ̀ọ̀kan bá ṣe kà á. Orúnkún ló ń fara gbá jù. Nínú ohun tó ń fa ìfarapa, ọ̀kan nínú èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni pé kí ènìyàn ti farapa rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti inú ìfarapa kan ló sún mọ́ òmíràn jù, máràtọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ sì ni ẹrù tó wúwo jù lọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rù láyé. Mo fẹ́ gbé ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí láàárín nǹkan bí 50 ọdún yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn tí à ń fún ara wa lójú títì kò bá a mu mọ́. Èrò tèmi lórí rẹ̀ kò fara sin: ọjọ́ ìje ló yẹ kó dúró de ẹsẹ̀, kò yẹ kí ẹsẹ̀ máa sá tẹ̀ lé ọjọ́ ìje.

Ìsinmi ní ààlà

Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá rọ́, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí ènìyàn máa gbọ́ ni pé kó lọ jókòó, kó sì fi yìnyín sí i. Gabe Mirkin, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló gbé ìmọ̀ràn yìí sínú ìwé ní ọdún 1978: sinmi, fi yìnyín sí i, fi aṣọ dì í, gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó tàn ká gbogbo ayé. Lẹ́yìn ohun tó lé ní 30 ọdún, Mirkin fúnra rẹ̀ yí ohùn padà, ó ní yìnyín àti ìsinmi pátápátá lè fa ìwòsàn sẹ́yìn. Ní ọdún 2019, Blaise Dubois àti Jean-François Esculier dá àbá mìíràn: kí a dáàbò bo ẹsẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹrù díẹ̀díẹ̀ lé e, kí a máa rìn, kí a sì fọkàn balẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹrù tí iṣan àti eegun ń rù ló ń fún wọn lágbára. Ẹsẹ̀ tí kò rù ohunkóhun fún oṣù méjì á di ẹsẹ̀ tí kò lè rù púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrora rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó sì fi àìsí ìrora mọ̀ pé ara òun ti yá lè padà sáré ní ọjọ́ àkọ́kọ́ bí ó ti ń sá tẹ́lẹ̀, kí ẹsẹ̀ sì tún dá a dúró lọ́sẹ̀ kejì.

Ohun kan tún wà tó ń tan ènìyàn jẹ. Ní ọdún 1984, Edward Coyle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí àwọn eléré ìdárayá tí wọ́n dá eré dúró pátápátá. Láàárín ọjọ́ 21, agbára tí ara wọn ní láti lo afẹ́fẹ́ oxygen ti fi nǹkan bí 7 nínú 100 dín kù. Nígbà tó fi di ọjọ́ 56, ó ti fi nǹkan bí 16 nínú 100 dín kù, ó sì dúró síbẹ̀. Èémí ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tètè ń padà. Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ tàbí tó ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún kò tilẹ̀ ní pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀. Iṣan àti eegun kò yára tó bẹ́ẹ̀. Oṣù mélòó kan ni eegun fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, àkókò tó léwu jù fún ẹni tó ń padà bọ̀ ni ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí karùn-ún, nígbà tí èémí ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí ọkàn sì ń sọ fún un pé òun ti padà sípò, tí eegun àti iṣan kò tíì dé ibẹ̀.

Irú ìrora wo la lè fara dà?

Kò sí ìbéèrè tó ń da àwọn asáré láàmú tó èyí. Àwọn kan ní bí ó bá ti dùn ọ́, dúró. Àwọn mìíràn ní kí o mú un mọ́ra. Ìdáhùn náà dá lórí ohun tó farapa.

Bó bá jẹ́ iṣan líle tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ ló ń dùn, ẹ̀rí pọ̀ pé a lè fi ẹrù wò ó sàn. Ní ọdún 1998, Håkan Alfredson ní Sweden kó asáré 15 jọ tí iṣan gìgísẹ̀ ti ń yọ lẹ́nu tipẹ́. Iṣẹ́ tó fún wọn kò nílò ẹ̀rọ kankan. Èèyàn á dúró lórí àtẹ̀gùn ilé, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni yóò fi tẹ ẹ̀, gìgísẹ̀ á wà lófuurufú. Á fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbé ara sókè, á wá gbé gbogbo ìwúwo ara sí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, á sì jẹ́ kí gìgísẹ̀ náà máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kọjá etí àtẹ̀gùn. Á ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á sinmi díẹ̀, títí yóò fi ṣe é ní ìpele mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, á tún ṣe gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó tẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn 15 náà padà sí eré sísá.

Ní ọdún 2007, Karin Grävare Silbernagel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Sweden kan náà, lọ jìnnà sí i. Wọ́n pín àwọn tí iṣan gìgísẹ̀ ń dùn sí ọ̀nà méjì, gbogbo wọn sì ń ṣe iṣẹ́ ìmúlágbára. Apá kan dá eré sísá dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, apá kejì ń bá a lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìlànà: bí a bá ka ìrora láti 0 dé 10, kò gbọdọ̀ kọjá 5, ó gbọ́dọ̀ ti rọlẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́, kò sì gbọdọ̀ máa pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Apá méjèèjì ló gbádùn bákan náà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni kí ènìyàn fi wọn ìrora rẹ̀: bí o ṣe gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ nígbà tí o sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn sọ òtítọ́ ju bó ṣe rí lára rẹ nígbà tí ara ti gbóná lọ́nà eré.

Eegun kò gba irú òfin yìí rárá. Eegun tó ti sán díẹ̀ nítorí eré àsápọ̀jù kò fẹ́ ìrora kankan nígbà tí a bá ń sáré. Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ìka kan ṣoṣo lè tọ́ka sí ibi tó ń dùn, bí a bá fi ẹsẹ̀ kan fò, á ta, nígbà mìíràn á máa dùn lóru tí a kò ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ọrùn eegun itan, níbi tí itan ti wọnú ìbàdí, tàbí iwájú ojúgun, tàbí eegun òkè àtẹ́lẹsẹ̀ láàárín, ọ̀rọ̀ náà le, nítorí pé eegun wọ̀nyí kì í tètè jiná, wọ́n sì lè ṣẹ́ pátápátá. Àwòrán X-ray kì í sábà fi í hàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àwòrán MRI ló ń fi í hàn kedere. Nítorí náà, bí fọ́tò X-ray bá ní kò sí nǹkan, tí ìka sì ṣì ń tọ́ka sí ojú kan náà, kí ènìyàn má tíì sáré.

Báwo ni a ṣe ń fi ẹrù kún ẹrù?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nínú àìsàn, ògì la kọ́kọ́ ń fún un. Kò sí ìyá tó máa gbé iyán síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo asáré ló gbà pé díẹ̀díẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni iye tí díẹ̀díẹ̀ yẹn jẹ́.

Òfin tó gbajúmọ̀ jù ni pé kí a má fi ju ìdá 10 nínú 100 kún iye kìlómítà ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọdún 2008, Ida Buist àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Groningen dán òfin náà wò pẹ̀lú 532 ènìyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ eré sísá. Àwọn tó tẹ̀ lé òfin náà àti àwọn tí kò tẹ̀ lé e farapa bákan náà, nǹkan bí 20 nínú 100. Ẹni tó bá dúró síbí yìí lè rò pé òfin náà kò wúlò.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2025, ìwádìí kan jáde tó tún ojú ọ̀rọ̀ ṣe. Àwọn onímọ̀ láti Denmark àti ilẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé asáré 5,205. Wọ́n rí i pé bí kìlómítà ọ̀sẹ̀ ṣe ń yí padà kò sọ púpọ̀ nípa ẹni tí yóò farapa. Eré ẹyọ kan ló ń sọ ọ́. Ẹni tó bá sá eré kan tó fi ju ìdá 10 nínú 100 lọ gùn ju èyí tó gùn jù tó ti sá láàárín ọjọ́ 30 sẹ́yìn, ewu rẹ̀ á lọ sókè. Bó bá sì fi ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, ewu náà ju ìlọ́po méjì lọ. Fún èmi, èyí ni ìmọ̀ tó wúlò jù fún ẹni tó ń padà bọ̀, nítorí pé bí ìfarapa ṣe ń padà wá gan-an ló ṣàlàyé. Èèyàn lè fara balẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kó wá bá ẹgbẹ́ asáré jáde láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ojú sì tì í láti yà kúrò nígbà tí àwọn yòókù ń lọ sí kìlómítà 15. Eré ọjọ́ kan yẹn tó láti ba iṣẹ́ oṣù kan jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti inú ìfarapa ti padà lè sá kìlómítà 5 láìsí wàhálà. Ọ̀pọ̀ ètò máràtọ́ọ̀nù fẹ́ kó ti sá eré kan tó tó nǹkan bí kìlómítà 32 kó tó di ọjọ́ ìje. Bó bá ń fi ìdá 10 nínú 100 kún eré rẹ̀ tó gùn jù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò gbà á tó ọ̀sẹ̀ 20. Bó bá tún ń sinmi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn mẹ́ta mẹ́ta, bí ọlọ́gbọ́n asáré ti ń ṣe, ó di ọ̀sẹ̀ 26, ìyẹn oṣù mẹ́fà. Máràtọ́ọ̀nù Èkó sì máa ń wáyé nínú oṣù Kejì. Ẹni tí kò bá lè sá kìlómítà 5 láìsí ìrora nígbà tí oṣù Kẹjọ bá ń bẹ̀rẹ̀ ti mọ ìdáhùn rẹ̀ fún ọdún náà. Ètò ọ̀sẹ̀ 16 tí à ń rí kiri dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń sáré déédéé ni wọ́n ṣe é fún.

Kó tó dé kìlómítà 5 yẹn pàápàá, ìrìn ló ń kọ́kọ́ wá. Kí ènìyàn lè yára rìn fún ìṣẹ́jú 30 láìsí ìrora, ní ọjọ́ mélòó kan tẹ̀ léra. Lẹ́yìn náà, kó máa pín in: rìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, sá ìṣẹ́jú kan, lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kó sinmi lọ́jọ́ kejì, kó wo bí òwúrọ̀ ṣe rí. Bí gbogbo rẹ̀ bá rọrùn, kó rìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó sá méjì. Iṣẹ́ yìí kò dùn mọ́ ẹni tó ti sá kìlómítà 15 rí, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìmúlágbára, nína ara, bàtà

Ní ọdún 2014, Lauersen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àyẹ̀wò 25 jọ lórí oríṣiríṣi eré ìdárayá. Ìmúlágbára iṣan dín ìfarapa kù sí ohun tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta, nígbà tí nína ara kò fi hàn pé ó ń dáàbò boni. Èyí bá ohun tí wọ́n ti rí ní ọdún 2000 láàárín ọmọ ogun Australia mu: ó lé ní 1,500 ọmọ ogun tuntun tí wọ́n wò, àwọn tó ń na ara kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò sì yàtọ̀ gédégédé sí àwọn tí kì í nà án.

Àmọ́ kí a má sọ ìmúlágbára di ààbò tí kò lè kùnà. Nínú àyẹ̀wò tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2020, 720 ènìyàn tí wọ́n ń múra máràtọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ wọn ní New York ni wọ́n pín sí méjì. Wọ́n fún apá kan ní ètò ìmúlágbára ọ̀sẹ̀ 12 tí wọn yóò máa dá ṣe fúnra wọn. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín apá méjèèjì. Bí mo ṣe rí i ni pé iṣẹ́ ìmúlágbára ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá bá ibi tó kù díẹ̀ káàtó lára ènìyàn mu, tó wúwo tó, tí ẹnìkan sì ń wo bí a ṣe ń ṣe é. Ìjókòó-dìde ráńpẹ́ lórí ẹní kò lè gba ẹni tó bá fo kìlómítà 10 bọ́ sí 20.

Ti bàtà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tó bá rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn ni kí ènìyàn rà, kó sì lò ó tipẹ́ kó tó di ọjọ́ ìje. Owó gọbọi tí a san kò ní kí ẹsẹ̀ jiná.

Oògùn ìrora àti oúnjẹ

Ibi tí ẹ̀rù ń bà mí jù nìyí, nítorí pé oògùn ìrora wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì, kò sì sí ẹni tó ń bi wá léèrè ìdí tí a fi ń rà á. Ní ọdún 2010, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá nǹkan bí 4,000 asáré lẹ́nu wò níbi eré Bonn ní Jámánì, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2013. Nǹkan bí ìdajì wọn ti lo oògùn ìrora kí wọ́n tó gbéra. Nínú àwọn tó lò ó, nǹkan bí 16 nínú 100 ní ìṣòro bí inú rírun, ìṣòro ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀. Láàárín àwọn tí kò lò ó, nǹkan bí 4 nínú 100 ni. Mẹ́sàn-án dé ilé ìwòsàn, gbogbo wọn ló sì ti lo oògùn: kíndìnrín àwọn kan tó lo ibuprofen daṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn kan tó lo aspirin ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú, ọkàn ẹni méjì sì gba ìkọlù. Jámánì tutù. Ẹ wo oòrùn Èkó lórí afárá nígbà tí aago mẹ́sàn-án bá lù, tí omi ti gbẹ lára, tí kíndìnrín sì ń du omi. Bí ìrora bá le débi tí ènìyàn nílò oògùn kó tó lè gbéra, ìrora náà ti sọ pé kó má gbéra.

Oúnjẹ náà kan ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2014, ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì àgbáyé kìlọ̀ nípa àwọn eléré tí oúnjẹ wọn kò tó iṣẹ́ wọn, wọ́n sì tún ìkìlọ̀ náà ṣe ní ọdún 2023. Eegun irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń rọ. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dáwọ́ dúró nígbà tó ń múra ìje gbọ́dọ̀ rí dókítà. Kì í ṣe àmì pé ara ti le. Ẹni tó ń sáré kó lè fọn, tó sì tún ń fo oúnjẹ, ń gba ẹ̀yìn ba eegun rẹ̀ jẹ́.

Àwọn tó padà kíákíá ńkọ́?

Ẹnìkan á sọ pé Joan Benoit ará Amẹ́ríkà ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún ní ọjọ́ 17 péré kó tó sá ìdíje ìyannimú Òlíḿpíìkì ní oṣù Karùn-ún ọdún 1984, ó sì borí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, ó gba góòlù máràtọ́ọ̀nù obìnrin àkọ́kọ́ ní Òlíḿpíìkì pẹ̀lú wákàtí 2:24:52. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti sá máràtọ́ọ̀nù Boston ní wákàtí 2:22:43 ní ọdún tó ṣáájú, kò tíì sí obìnrin tó yára tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ọdún rẹpẹtẹ ni eegun àti iṣan rẹ̀ ti fi ń ru ẹrù náà. Ẹni tó ń sá máràtọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ kò ní irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgboyà rẹ̀ ló yẹ ká yìn, kì í ṣe ọjọ́ 17 rẹ̀ ló yẹ ká wò kọ́ṣe.

Ta ni ká gbé ẹsẹ̀ lọ bá?

A ní àwọn tó mọṣẹ́. Àwọn onífisiotẹ́rápì wà ní ilé ìwòsàn ńláńlá káàkiri ìpínlẹ̀ wa. Kí ènìyàn béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ wọn: kí gan-an ló farapa, iṣan tàbí eegun? Iṣẹ́ wo ni màá máa ṣe, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Kí ni mo gbọ́dọ̀ lè ṣe kí n tó sáré? Onímọ̀ tó bá fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ nìkan, tí kò fúnni ní iṣẹ́ láti ṣe nílé, kò tíì ṣe tán. Àwọn tó ń to eegun níbílẹ̀ ní ọlá tiwọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ìka kan ń tọ́ka sí ibi tó ti ń dùn kò yẹ ní fífà tàbí títẹ̀ kí a tó ya fọ́tò rẹ̀.

Ìdájọ́

Bí a bá kó gbogbo ẹ̀rí yìí jọ, ohun mẹ́rin ló fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìsinmi pátápátá kì í ṣe ìwòsàn. Ẹrù tó bá ara mu ni. A lè fara da ìrora iṣan díẹ̀, a kò gbọdọ̀ fara da ti eegun rárá. Eré ẹyọ kan tó gùn jù ló ń dáni padà sẹ́yìn. Oògùn ìrora kò ní ibùjókòó ní orí ìlà ìbẹ̀rẹ̀.

Mo bẹ ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ asáré: ẹ jẹ́ kí ọ̀nà àbùjá wà nínú gbogbo eré ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹni tó ń padà bọ̀ lè yà kúrò láìsí ìtìjú. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti fi orúkọ sílẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ kò tíì ṣe tán, ìje kìlómítà 10 máa ń wáyé ní Èkó lọ́jọ́ máràtọ́ọ̀nù kan náà. Ẹ sá ìyẹn lọ́dún yìí, kí ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá, kí ẹ sì fi oṣù 12 tó kù kọ́ ẹsẹ̀ tí yóò ru kìlómítà 42. Máràtọ́ọ̀nù yóò tún wá lọ́dún tó ń bọ̀.